Ọ̀já Ìbọn: Iṣẹ́ Ọwọ́ tí Ìtàn Gbàgbé ní Ìrèlè-Èkìtì

Nígbà tí a bá ń kọ́ ìtàn ogun ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ àwọn balógun ni a kọ́kọ́ máa ń kọ́. Lẹ́yìn náà orúkọ àwọn ìlú tí wọ́n ṣẹ́gun. Lẹ́yìn náà irú ìbọn tí wọ́n yìn. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ni ní ìtàn, n kò tíì pàdé akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó bi mí pé, kí ni wọ́n fi gbé ìbọn náà kọ́ èjìká? Èmi pàápàá kò ronú kàn án rí, títí di ọjọ́ tí mo tú àpótí bàbá mi lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀. Ọ̀já kan wà nínú rẹ̀ tí a ká bí ẹní, tí ó dúdú fún aró. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ọ̀já ìbọn bàbá àgbà ni, ìyá àgbà ni ó sì hun ún. Ọ̀rọ̀ ọ̀já náà ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí mo gbà pé ìwé ìtàn ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní lẹ́tà kan ṣoṣo nínú.

Ìrèlè-Èkìtì wà ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ Èkìtì níhà àríwá, lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé. Ìpaò àti Òkè-Àkò ni aládùúgbò rẹ̀, kò sì jìnnà sí ilẹ̀ àwọn Yàgbà. Igbó àti ọ̀dàn ni ó pàdé níbẹ̀, nítorí náà ìlú àgbẹ̀ ni, ìlú ọdẹ sì ni pẹ̀lú. Ní 1974 mo jẹ́ ọmọ ọdún 11, mo sì ń gbé lọ́dọ̀ bàbá àgbà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, àgbẹ̀ ni bàbá. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ọdẹ ni.

Ṣakabùlà ni ìbọn rẹ̀, èyí tí a máa ń kì láti ẹnu. Ẹni tí kò bá mọ irú ìbọn yìí kò lè mọ ìdí tí ọ̀já rẹ̀ fi ṣe pàtàkì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé díẹ̀. Ọdẹ yóò kọ́kọ́ da ẹ̀tù sí ẹnu ìbọn, yóò fi ọ̀pá ti àkísà lé e mọ́lẹ̀, yóò da ọta lé e, yóò sì tún fi àkísà mìíràn dí i kí ọta má baà yí jáde. Láti ìgbà náà lọ, ẹnu ìbọn gbọ́dọ̀ máa wo òkè. Bí ó bá dorí kodò lẹ́nu ìrìn, ọta lè sún kúrò lórí ẹ̀tù. Bí àlàfo bá sì wà láàárín àwọn méjèèjì nígbà tí a bá yìn ín, ọ̀pá irin lè bẹ́ mọ́ ọdẹ lójú. Nítorí náà ọ̀já gbọ́dọ̀ di ìbọn mú ní ibi méjì: lókè ní apá ẹnu rẹ̀, àti nísàlẹ̀ ní ibi ọrùn ìdí rẹ̀. Bí ìdè òkè bá sún wálẹ̀ jù, ìbọn yóò dojú délẹ̀. Bí ọ̀já bá tinrín, yóò máa gé ọdẹ léjìká. Bí ó bá ń yọ̀, ọdẹ yóò máa fi ọwọ́ kan dì í mú, ọwọ́ tí ó yẹ kí ó fi ya ewé lójú ọ̀nà. Bí ó bá sì já ńkọ́? Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé wa nìyí.

Àbúrò bàbá àgbà, ẹni tí àwa ọmọdé ń pè ní Bàbá Kékeré, ní ìbọn tirẹ̀ nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́. Okùn tí ó fi kọ́ ọ kò ju okùn tí a fi ń di ẹrù lọ, owó pọ́ọ́kú ni ó fi rà á. Òjò pa á, oòrùn pa á, eku sì jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ níbi tí ó ti ń sorọ̀ ní àjà. Ní òru ọjọ́ kan, kí ogun Hitler tó bẹ̀rẹ̀, Bàbá Kékeré ń gun igi kan tí ó wó dábùú ọ̀nà kọjá, ni okùn náà bá já. Ìbọn bọ́, ìdí rẹ̀ lu àpáta, ó sì dún. Ọta wọ̀ ọ́ ní itan. Orí kó o yọ, kò kú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà kò nà mọ́ títí ó fi lọ sí ibi tí àgbà ń rè. Ẹni tí ó ń fi ọ̀pá rìn ni mo mọ̀ ọ́n sí. Ẹnu ọ̀nà ni ó máa ń jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́, tí yóò máa kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ti ń gbé ìbọn lọ sí oko ọdẹ.

Àwọn ọkùnrin ilé wádìí ọ̀ràn náà títí. Àwọn kan ní ọwọ́ ọ̀tá wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn ní ó jẹ Ògún ní gbèsè. Ìyá àgbà ní tirẹ̀ mú okùn tí ó já náà, ó tú u wò ní ọwọ́, ó ní, "Ẹ̀yin ọkùnrin, ohun tí n kò jẹ́ fi pọn ọmọ ni ẹ fi ń gbé ikú kọ́ èjìká." Bàbá mi ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi, kì í sì í sọ ọ́ láìrẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà ni ìyá àgbà ti gba hínhun ọ̀já ìbọn ọkọ rẹ̀ sí ọwọ́ ara rẹ̀.

Nígbà tí mo fi máa dé ilé náà, ó ti hun ju mẹ́ta lọ. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ó ń hun èyí tí ó wà ní ọwọ́ mi báyìí, èmi ni mo ń bá a di ìrànwú mú. Òwú oko rẹ̀ ni ó lò. Ó yọ kóró rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó ran án, lẹ́yìn náà ó lọ́ fọ́nrán méjì méjì pọ̀ kí ó lè le. Ó ta á sí ara òfì rẹ̀. Ẹ rántí pé oríṣi òfì méjì ni ó wà ní ilẹ̀ wa. Ti àwọn ọkùnrin ni èyí tí a ń jókòó sí, tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tí aṣọ rẹ̀ máa ń jáde ní ìrépé tóóró tí kò fẹ̀ ju bí ìnṣì 4 lọ. Ti àwọn obìnrin ni èyí tí ó máa ń dúró ṣánṣán ní ara ògiri, a sì mọ Èkìtì, Àkókó, Ọ̀wọ̀, Ìjẹ̀bú àti ilẹ̀ Yàgbà mọ́ ọn dáadáa. Lórí òfì obìnrin yìí ni a ti ń hun kíjìpá, aṣọ tí ó nípọn tí ó sì le, aṣọ oko àti aṣọ iṣẹ́. Lórí rẹ̀ náà ni a ti ń hun ọ̀já tí a fi ń pọn ọmọ.

Ọ̀já ìpọmọ ni ìyá àgbà fi ṣe àwòkọ́ nígbà tí ó fẹ́ hun ọ̀já ìbọn. Ó dín fífẹ̀ rẹ̀ kù sí ìka mẹ́ta, ó sì to àwọn òwú tí ó lọ gùn pọ̀ tímọ́tímọ́, tí ó fi jẹ́ pé ènìyàn kò lè rí èyí tí ó dábùú láàárín wọn. Mo ti tú etí kan wò, mo sì rí i pé ọgbọ́n gidi ni. Gígùn ni ẹrù ń fa ọ̀já sí, kì í fà á sí ìbú. Nítorí náà òwú gígùn ni ó ń ru ìbọn, òwú ìbú kàn ń so wọ́n pọ̀ ni. Bí òwú gígùn kan bá gé, ọgọ́rọ̀ mìíràn ṣì kù. Okùn tí Bàbá Kékeré rà kò rí bẹ́ẹ̀: ibi tí eku bá ti jẹ ẹ́, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń dúró de ọjọ́ tí yóò já.

Nígbà tí ó hun ún tán, kò rán an lójú ẹsẹ̀. Ó rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, ó sá a, ó sì tún un rẹ, nítorí òwú máa ń súnkì. Ó fẹ́ kí ó súnkì tán ní ilé kí ó má baà súnkì mọ́ ìbọn lára nínú òjò. Lẹ́yìn náà ó pa á láró, nítorí ohun funfun kì í bá ọdẹ wọ igbó ní òru. Ìgbà tí ó gbẹ ni ó tó mú abẹ́rẹ́.

Rírán ohun tí ó nípọn báyìí ní òfin tirẹ̀. Ó gba etí ọ̀já kọjá nínú òrùka irin tí alágbẹ̀dẹ rọ, ó ṣẹ́ ẹ po, ó tún ti etí gbígé rẹ̀ bọ inú kí ó má baà tú. Ó fi òòlu lu ihò sílẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó kọjá, nítorí ẹni tí ó bá fi ipá ti abẹ́rẹ́ bọ inú aṣọ tí ó ṣẹ́po ní ìlọ́po mẹ́rin yóò ṣẹ́ abẹ́rẹ́, tàbí kí ó fi gún ara rẹ̀. Ó fi ìda oyin pa okùn ìránṣọ kí omi má baà tètè jẹ ẹ́, kí ó sì di ihò mú. Bí abẹ́rẹ́ bá ti jáde níwájú, yóò tún padà sẹ́yìn sínú ihò ìṣáájú, tí ó fi jẹ́ pé bí ojú kan bá já, èyí tí ó tẹ̀ lé e kò ní tú. Kò sì jẹ́ rán ìlà kan ṣoṣo dábùú ọ̀já, nítorí ìlà ihò tí ó dábùú bẹ́ẹ̀ dà bí ihò tí wọ́n lu sí àárín sítáǹbù méjì: ibẹ̀ gan-an ni yóò ti ya. Igun mẹ́rin ni ó rán, ó sì fa ìlà méjì kọjá ara wọn nínú rẹ̀, bí àmì ìsọdipúpọ̀ inú ìṣirò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àmì náà sọ́kàn, n óò padà sórí rẹ̀.

Ní ti owó, kò ná ju owó òrùka méjì lọ. Nígbà tí ó parí, kò fi ọwọ́ kan ìbọn, nítorí ní ilé wa obìnrin kì í fi ọwọ́ kan ohun ọdẹ. Ó ká ọ̀já náà, ó gbé e lé orí àga bàbá àgbà, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bàbá àgbà ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ mọ́ ìbọn. Ní ọjọ́ kejì, gbogbo ọdẹ tí ó rí i ni ó yin bàbá àgbà.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi ojú ọ̀já yìí wo ìtàn. Ní 1878 ni Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, tí àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì di ara wọn pọ̀ láti bọ́ àjàgà Ìbàdàn kúrò lọ́rùn. Ògèdèǹgbé ti Iléṣà di olórí ogun wọn. Látòósà Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò ni ó ṣáájú Ìbàdàn. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé dídún ìbọn ni ó sọ ogun náà ní Kírìjí. A mọ̀ pẹ̀lú pé àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó ran àwọn ará ilé lọ́wọ́, tí wọ́n fi ìbọn ìgbàlódé bíi Snider ránṣẹ́, èyí tí a ń kì láti ìdí, tí ó sì yára ju ṣakabùlà lọ. Ìtàn sọ pé ìbọn wọ̀nyí ni ó mú kí ọwọ́ Èkìtìparapọ̀ le. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n Snider wúwo ju pọ́ùn 8 lọ, ẹsẹ̀ ni àwọn jagunjagun sì fi ń rìn. Kò sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ lásán gbé e gun òkè, sọ̀ kalẹ̀, la odò kọjá, ní ọjọ́ kan lẹ́yìn òmíràn, tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní rọ kí ó tó rí ọ̀tá.

Ọdún 1886, ní ọjọ́ 23 oṣù September, ni wọ́n tó fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà. Bí ogun bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ibùdó máa ń di ìlú. Ilé wà níbẹ̀, ọjà wà níbẹ̀, obìnrin sì wà níbẹ̀, àwọn ni wọ́n ń bọ́ àwọn tí ń jà. Ìbọn lè ti òkè òkun wá. Ọ̀já tí ó bá já ní òru kò lè dúró de ọkọ̀ ojú omi. Ẹnìkan ní láti tún un rán kí ilẹ̀ tó mọ́. Níhà ọ̀dọ̀ tiwa ní àríwá, àwọn Tápà láti Bídà ń kó ilẹ̀ Yàgbà lẹ́rú ní ọ̀rúndún kan náà, kò sì dáwọ́ dúró pátápátá títí ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company fi ṣẹ́gun Bídà ní 1897. Ìlú tí ó bá wà ní irú ààlà bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ kí ìbọn àti ọfà jìnnà sí èjìká. Ní ọdún 1897 kan náà ni Samuel Johnson parí ìwé ìtàn ńlá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Ìwé náà kún fún balógun àti ìbọn. Èmi kò dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n àwa tí a wá lẹ́yìn rẹ̀ ni kò yẹ kí a dúró síbi tí ó dúró.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Ṣé kò sí awọ ni?" Awọ wà. Ṣùgbọ́n awọ dára níbi tí ilẹ̀ bá gbẹ. Ní igbó wa, òjò yóò rẹ ẹ́, yóò rọ̀, yóò sì gùn sí i. Oòrùn yóò yan án, yóò le, yóò sì sán. Bí a bá gbé e kọ́ àjà, ewu yóò hù ú, eku yóò sì rí oúnjẹ. A gbọ́dọ̀ máa fi òróró pa á nígbà gbogbo, owó rẹ̀ sì ju ti òwú oko lọ.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, owó gọbọi ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Nínú ogun tí wọ́n bá àwọn Boer jà ní Gúúsù Áfíríkà láti 1899 sí 1902, awọ ni púpọ̀ nínú ohun tí ọmọ ogun wọn fi ń di ẹrù mọ́ra, kò sì tẹ́ wọn lọ́rùn. Ọ̀gágun Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Anson Mills ti ronú ṣáájú ìgbà náà bí a ṣe lè hun bẹ́líìtì ọta láti inú òwú lódindi, tí ihò ọta gan-an yóò jẹ́ híhun, tí kò ní jẹ́ rírán. Láti inú ọgbọ́n rẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti rí ìdè tí wọ́n fún àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ wọn ní 1908, òwú híhun ni láti èjìká dé ìbàdí. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀ ní 1914, ọmọ ogun pọ̀ ju ohun tí òfì lè hun lọ, wọ́n sì ní láti padà sí awọ fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun tuntun. Ẹ kíyè sí i: kì í ṣe ìbọn nìkan ni ó wọ́n wọn, ẹni tí yóò hun ọ̀já náà wọ́n wọn.

Àwọn kan náà ni wọ́n ń wá òwú kiri ní ilẹ̀ wa. Ní 1902 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, British Cotton Growing Association, láti mú kí àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso gbin òwú fún ẹ̀rọ wọn ní Lancashire. Wọ́n dé Ìbàdàn, wọ́n sì dá oko sílẹ̀ níbẹ̀. Òwú náà kò pọ̀ tó bí wọ́n ti retí, ọ̀kan nínú ohun tí ó sì fà á ni pé àwọn tí ń ranwú, tí ń hunṣọ nílé, ń ra òwú náà pẹ̀lú, wọ́n sì lè san ju iye tí òyìnbó fẹ́ san lọ. Bí ẹ bá ka ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé, ẹ má ṣe rò pé àwọn kan tí kò lórúkọ ni. Ìyá àgbà mi ni, àti ìyá tiyín.

Ogun Àgbáyé Kejì ni ó wá so òfì ìyá àgbà pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wọṣẹ́ ológun, ó sì bá ìpín 81 ti àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Bọ́mà. Ní àfonífojì Kaladan ní 1944, orí ni àwọn aláàárù wọn fi ru oúnjẹ àti ọta la igbó kọjá, nítorí kò sí ọ̀nà mọ́tò. Nígbà tí ó padà bọ̀, ó mú ọ̀já ìbọn ológun kan wálé, òwú híhun aláwọ̀ kàkí. Ìyá àgbà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó gba ẹrù yòókù. Ó fi àtàǹpàkò họ ọ́, ó yẹ etí rẹ̀ wò, ó sì béèrè pé obìnrin wo ni ó hun ún. Ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀rọ ni. Ìyá àgbà ní ẹ̀rọ náà mọ ọmọ pọ̀n. Ṣùgbọ́n kò gbé e sílẹ̀ títí ó fi ka ojú ìránṣọ etí rẹ̀ tán. Àmì ìsọdipúpọ̀ inú igun mẹ́rin tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn, ibẹ̀ ni ó ti kọ́ ọ. Kí ó tó di ìgbà náà, ìlà ẹ̀gbẹ́ nìkan ni ó máa ń rán. Òun náà mọ̀ pé ọgbọ́n kò pin sí ilé ẹnìkan.

Bàbá àgbà fi ọ̀já tirẹ̀ ṣe ọdẹ títí agbára rẹ̀ fi tán. Kò já. Ìbọn náà bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn nínú ẹbí, ọ̀já sì kù sí ọwọ́ bàbá mi. Òfì ìyá àgbà kò rí ẹni jogún rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin ilé lọ sí ilé ẹ̀kọ́, mo sì yọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí a ta igi òfì náà fún ìdáná, kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó mọ ohun tí a tà. Èmi wà níbẹ̀, mo ti ní ìwé ẹ̀rí nínú ìtàn, n kò sì sọ nǹkankan.

Ó lè dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni mo ń sọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù January, 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì, Onímòjò ti Ìmòjò àti Ẹlẹ́sùn ti Ẹ̀sùn, ní ojú ọ̀nà ní agbègbè wa bí wọ́n ti ń ti Ìrèlè bọ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá ń lọ sí oko ní àdúgbò náà mọ ohun tí ọkàn rẹ̀ ń sọ. Àwọn ọdẹ ni wọ́n mọ inú igbó wọ̀nyí jù, àwọn kan nínú wọn sì wà nínú ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn tí àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀ ní Ìbàdàn ní January 2020. Nígbà tí mo lọ sílé lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, mo bá ọmọkùnrin ọdẹ kan pàdé tí ó ń gbaradì fún ìṣọ́ òru. Mo wo èjìká rẹ̀. Okùn ọ̀rá tí ó tú lára àpò ìrẹsì ni ó fi kọ́ ìbọn rẹ̀, ó sì ta á ní kókó ní ibi mẹ́ta. Bàbá Kékeré ni mo rí.

Mo fi ọ̀já ìyá àgbà hàn án. A kò rí òwú àti òfì, ṣùgbọ́n a rí ọgbọ́n rẹ̀ lò. A ra bẹ́líìtì ìjókòó mọ́tò lọ́wọ́ àwọn tí ń tú ọkọ̀ àlòkù. Ọ̀rá tí a hun tímọ́tímọ́ ni òun náà, ó fẹ̀ tó ìnṣì 2, òwú gígùn rẹ̀ sì pọ̀ gan-an. A ṣe é láti di ènìyàn mú nígbà tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. Níwọ̀n bí ọ̀rá ti ń tú níbi tí a bá gé e, a fi iná àbẹ́là jó etí rẹ̀ díẹ̀ kí ó lè lẹ̀, a sì ṣẹ́ ibi tí ó le náà po sí inú kí ó má baà họ ọ́ ní ọrùn. Télọ̀ tí a kọ́kọ́ gbé e lọ bá fi ẹ̀rọ rán an lórí ìlọ́po mẹ́rin, abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì ṣẹ́. A wá abẹ́rẹ́ nípọn, nọ́ńbà 18, a sì ní kí ó máa fi ọwọ́ yí àgbá ẹ̀rọ náà, kí ó má ṣe sáré. Síbẹ̀ ṣúmẹ́kà ni ó rán etí méjèèjì jù, pẹ̀lú òòlu àti okùn ọ̀rá, igun mẹ́rin pẹ̀lú ìlà méjì tí ó kọjá ara wọn. Bẹ́líìtì yìí ní àléébù kan: ó máa ń yọ̀ léjìká. A rán ìrépé aṣọ òfì ògbólógbòó sí abẹ́ rẹ̀ níbi tí ó ti ń kan ara.

A kò gbé e kọ́ ìbọn lójú ẹsẹ̀. A fi í kọ́ kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 kan ní ara igi àjà, a sì fi í sílẹ̀ di òwúrọ̀. Ẹrù yìí ju ti ìbọn lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a yẹ gbogbo ojú ìránṣọ wò, kò sí èyí tí ó ṣí. Ìgbà náà ni ọmọkùnrin náà tó gbé e kọ́ ìbọn rẹ̀, ìdè òkè ní apá ẹnu, ìdè ìsàlẹ̀ ní ọrùn ìdí. Ìyá rẹ̀ dúró tì wá, ó bi mí bóyá mo lè fi ọ̀já ìyá àgbà sílẹ̀ ní ọwọ́ òun di ọjọ́ kejì. Mo fi í sílẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, ó ti ka òwú ìnṣì kan nínú rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé ọmọ rẹ̀ kan.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ìdí tí mo fi kọ ọ̀rọ̀ yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Bí àwọn ọkùnrin bá pa ẹran, wọ́n á yin ìbọn. Bí wọ́n bá ṣẹ́gun, wọ́n á yin balógun. Àwa òpìtàn a sì máa kọ ohun tí wọ́n bá yìn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìbọn tí ó rìn dé ojú ogun fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ó gbé e dé ibẹ̀ wà ní ọwọ́ àwọn tí a kò jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá lọ sílé nínú ìsinmi yìí, ẹ má ṣe béèrè ìtàn ogun lọ́wọ́ àwọn bàbá nìkan. Ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ìyá, ẹ mú ohun kan dání tí ó ti gbó, ọ̀já, àpò, okùn, ohunkóhun, kí ẹ sì bi wọ́n bí a ti ṣe é. Ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n, ẹ ka òwú rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi òfì dáná lójú yín bí wọ́n ti ṣe lójú mi.